Ẹni Tó Gba Ipò Mi Nínú Àáró

Mo rántí ìgbà tí mo wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí mò ń bínú nítorí ègé ẹran kan. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo wà nígbà náà ń tọ́jú mi dáadáa, mo ní yàrá tó gbóná, mo ní bàtà bọ́ọ̀lù tó ju èyí tí ẹsẹ̀ méjì lè wọ̀ tán lọ. Síbẹ̀ mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń ro ẹran orí iyán ìyá mi ní Ààyè-Èkìtì, mo sì ń ro ẹni tó ń jẹ ẹ́ nípò mi. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí obìnrin kọ́ ló fà á. Nítorí bàbá mi ni mo ṣe ń jowú.

Ẹni tó ń jẹ ẹran mi ni ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni a lọ, àwa méjèèjì la sì máa ń dúró sí àárín ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa, àfi kó kọ́kọ́ gba ara wa kọjá. A tún jọ wà nínú àáró kan. Nígbà ebè kíkọ, àwa ọmọkùnrin tí a jẹ́ ẹgbẹ́ máa ń kó ara wa jọ, lónìí oko bàbá tèmi, lọ́la oko bàbá tìrẹ, títí yóò fi kárí. Kò sí pé ẹnì kan ń sanwó fún ẹnì kan. Ilé tí a bá ṣiṣẹ́ fún ni yóò gúnyán fún wa. Ọ̀rẹ́ mi yá lọ́wọ́ ọkọ́ jù mí lọ, bàbá mi kì í sì í fi í bò. Á dúró ní poro, á wo ebè tirẹ̀, á wo tèmi, á wá mirí. Ojú tó fi ń wo ọ̀rẹ́ mi nígbà náà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí kò fi wò mí rí.

Nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan wá láti Ìlọrin láti wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkọ̀lé, àwa méjèèjì ló mú. Ọ̀rẹ́ mi ò lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ò sì ní ọkùnrin mìíràn nílé. Èmi kó ẹrù mi, mo lọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé kò lè lọ, torí mo mọ̀ pé bó bá lọ, èmi ni màá jókòó síta máa wò ó. Àmọ́ bí mo ti lọ, àyè mi ṣófo nínú àáró. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá jáde, oko bàbá rẹ̀ jáde nìyẹn, àfi bí a bá rí ẹni tí yóò máa ṣe tirẹ̀ mọ́ ti ẹni tó lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á ṣe é. Ní gbogbo oko tí wọ́n bá dé, á kọ ebè tirẹ̀ tán, á tún kọ tèmi. Ẹni tó bá sì gba ipò ọmọ nínú àáró, abọ́ ọmọ náà ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún un. Bí ẹran mi ṣe lọ nìyẹn.

Mo gbá bọ́ọ̀lù káàkiri. Láti Ìlọrin mo lọ sí Kánò, láti Kánò mo bọ́ sí Kòtónú, lẹ́yìn náà Súdáànì, lẹ́yìn náà Lẹ́bánónì, títí mo fi dé Fíńláǹdì, níbi tí oòrùn ti máa ń wọ̀ nígbà òtútù kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ṣe ni àwọn ìlú ń jà lé mi lórí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá ti lò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì lọ wá ẹni tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn ò sì níyì lójú ayé. Ẹni tó jẹ gòólù ni wọ́n ń gbé sọ́rùn. Ẹni tí kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé, ọjọ́ tó bá ṣe àṣìṣe nìkan ni wọ́n ń rántí orúkọ rẹ̀. Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí bàbá mi mọ̀ pé mo ṣe bẹbẹ, kó fi ojú tó fi ń wo ọ̀rẹ́ mi lórí ebè wo èmi náà lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí mo bá pè é lórí fóònù, á máa pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. "Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù ńkọ́?" Kí n tó dáhùn, á ti bọ́ sí tirẹ̀: "Ọmọ mi ti kọ ebè dé etí omi. Uṣu á ta lọ́dún yìí." Ọmọ mi! Èmi kọ́ ló ń sọ. Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rí. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi pé mi ò mọ̀ ọ́n gbá ni, ì bá sàn fún mi. Mo fi aṣọ ẹgbẹ́ mi kan ránṣẹ́ sí i, èyí tó ní orúkọ mi lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí àbúrò mi obìnrin fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi: ọ̀rẹ́ mi ló wọ aṣọ náà, ó di ọkọ́ mú, iyẹ̀pẹ̀ bò ó dé ọrùn, bàbá mi sì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn fi hàn. Inú bí mi débi pé nígbà tí a wọ pápá lọ́jọ́ kejì, mo gbá ọmọ ọlọ́mọ kan lẹ́sẹ̀, rẹfirí sì lé mi jáde kí ara mi tó gbóná.

Ìgbà náà ni mo wá gbọ́n ọgbọ́n òmùgọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ebè ni wọ́n ń kọ tó ń dùn mọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ṣé ebè ṣòro ni? Mo ní kí àbúrò mi lọ háyà àwọn lébìrà ní Ìdó, kí wọ́n kọ gbogbo oko bàbá wa láti òkè délẹ̀ kí àáró tó kàn án. Mo ní kó sọ fún un pé ọmọ tó bí gan-an ló ṣe é fún un. Wọ́n kọ ọ́, ebè wọn sì dára. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ọmọ oko tó lè gbàgbé pé ẹni tó fi lébìrà kọ oko rẹ̀ ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àáró. Ẹnikẹ́ni ò bá bàbá mi jà. Ẹ̀bá oko rẹ̀ ni wọ́n kàn ń gbà kọjá lọ sí oko ẹlòmíràn, wọ́n á kí i, òun náà á dá wọn lóhùn. Èmi wà ní Fíńláǹdì ní tèmi, inú mi ń dùn pé mo ti lé olè kúrò nídìí àwo mi.

Ìyá mi ló pè mí. Kì í sábà pè.

"Baba rẹ ò jẹun dáadáa mọ́," ó ní. "Bí mo bá gúnyán, á fọwọ́ kàn án, á dìde. Kò rẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lóko."

Mo ní ṣebí òun wà nílé.

"Èmi mọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni? Ọ̀rẹ́ rẹ ló ń sọ bọ́ọ̀lù rẹ fún un. Bí wọ́n bá simi uṣẹ́ lọ́sàn-án, á jókòó tì í, á máa sọ bí o ti gbá a fún un. Látìgbà tó o ti kó lébìrà wá, ta ló fẹ́ sọ ọ́? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o sọ fún un rí?"

Mo fẹ́ sọ pé kò bi mí ni. Ṣùgbọ́n ó wá yé mi pé kò ní ohun tó fẹ́ bi mí, nígbà tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó pè. Kí n tó sọ ìyẹn fún ìyá mi, fóònù ti já.

Nígbà tí eré ọdún náà parí, mo wálé. Mi ò padà sí Fíńláǹdì mọ́, wọn ò kúkú pè mí padà. Ẹni tó bá ti jáde nínú àáró, tó sì fẹ́ wọlé, á kọ́kọ́ bá gbogbo àwọn yòókù ṣe tiwọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ti bá òyìnbó sáré ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè fún ìyá ọ̀rẹ́ mi. Oòrùn ò tíì mú tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Àwọn ẹgbẹ́ wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àgbà bọ́ọ̀lù, fi orí kàn án!" Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí poro tèmi, ó ń bá mi kọ èyí tó kù. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Lọ́jọ́ tó kan oko bàbá mi, a ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi kanrí, a wá jókòó sábẹ́ igi, iṣu sísun àti epo wà níwájú wa. Bàbá mi wo ọ̀rẹ́ mi.

"Ọmọ mi, sọ ti ulú oníyanrìn yẹn."

Súdáànì ló ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó wolẹ̀. "Baba, ẹni tó gbá a rèé. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún yín."

Bàbá mi yíjú sí mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti ń dúró de ìṣẹ́jú yìí. Mo sọ ọ́ fún un bó ti rí. Mo ní ooru pọ̀, mo ní ọ̀mì ni a ta, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, orí bẹ́ńṣì ni mo sì wà títí eré fi parí.

"Urọ́," bàbá mi ní. "Bọ́ọ̀lù ti kọjá aṣọ́lé, ìwọ lo fi orí gbà á lẹ́nu àwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ, wọ́n ní kó o jáde, o ò jáde." Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. "Sọ ọ́ fún un bó ti rí."

Ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń tì í lójú, nígbà tó yá ó gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń sọ nípa rẹ̀, àárẹ̀ kì í mú un, kì í sì í bẹ̀rù. Bí ó bá kúrò ní ìlú kan, ìlú mìíràn ló wá bẹ̀ ẹ́. Ẹnu bàbá mi ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú tí mo ti ń wá láti ìlú dé ìlú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ló fi ń wò, kì í sì í ṣe èmi. Ọkùnrin inú ìtàn yẹn ló ń wò. Mo jowú rẹ̀ ju bí mo ti jowú ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé fún mi pé iye gòólù àti orúkọ mi nìkan ni òun máa ń rí lórí fóònù òun. Ó ní, "Kí ni kí n sọ fún baba? Pé o wà níbẹ̀?" Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn lábẹ́ igi, bàbá mi sì ní kí òtítọ́ náà máa lọ sílé rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Ìkọ̀lé. Bàbá mi ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí àáró bá kan oko rẹ̀, á ní kí wọ́n mú òun lọ. Owú náà ò tíì tán lára mi, mo kàn ti mọ bí a ti ń bá a jókòó ni. Bí ọ̀rẹ́ mi bá gbàgbé ibì kan, èmi náà ni mo máa ń rán an létí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, pé wọ́n ní kó jáde, pé kò jáde. Bàbá mi á sì nawọ́ sí mi pé kí n panu mọ́.

"Jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ ọ́."