Ta Ló Bu Iyọ̀ Sómi Adágún?

Iṣẹ́ Àrínọlá kì í yé ìyá rẹ̀. Ṣé èèyàn á kàwé jáde tán, á wá máa bu omi adágún sínú ìgò kiri? Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gidi ni. Oṣooṣù ló ń wa ọkọ̀ kékeré lórí adágún kan lẹ́yìn Ajah, níbi tí Dúrósinmí ti ń sin ẹja àrọ̀. Á bu omi, á gbé e lọ sí láàbù ilé iṣẹ́ wọn ní Lẹ́kkí Phase 1, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́, bóyá atẹ́gùn inú rẹ̀ tó ẹja, bóyá omi òkun ò tíì yọ́ wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́kàn. Lórí omi yẹn, kò sẹ́ni tó ń fun fèrè mọ́tò sí i létí.

Lọ́jọ́ kan, òjò dá a dúró títí wọ́n fi ti láàbù. Ó gbé àwọn ìgò náà lọ sílé ní Jakande, ó kó wọn sí fíríìjì. Ìyá rẹ̀ béèrè omi kí ni. Ó ní omi ẹja Dúrósinmí ni, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sùn.

Lọ́jọ́ kejì ní láàbù, wọ́n rí i pé iyọ̀ kún inú omi náà. Ọ̀gá Ògúnkúnlé, olórí láàbù, wo ẹ̀rọ, ó tún un wò.

"Àrínọlá, òkun ti wọnú adágún yẹn o. Call oníẹja yẹn, kó kó ẹja ẹ̀ kúrò sharp sharp."

Ọmọ ẹja wẹẹrẹ ni Dúrósinmí ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sómi. Bó bá kó wọn jáde báyìí, èyí tó pọ̀ jù á kú. Bó bá sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú omi iyọ̀, ikú náà ni. Àrínọlá pè é. Ọkùnrin náà gbọ́ tán, ó bi í:

"Àǹtí, ẹja mi jẹun dáadáa láàárọ̀ yìí o. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ìbéèrè yẹn gún un lára. Ó ní kó má tíì fọwọ́ kan ẹja kankan. Ó padà sídìí ìgò, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀: lọ́fínńdà! Irú èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ́n sára sùtánà funfun kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà.

Ó sáré pe ilé. "Màmá, ṣé ẹ fọwọ́ kan àwọn ìgò inú fíríìjì?"

"Mo gbàdúrà sí wọn ni, kí ẹja ọmọ ọlọ́mọ má baà kú. Mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kán lọ́fínńdà lé e. Àbí kò tó?"

Àrínọlá ò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni. Ẹ̀rín ló borí. Ọ̀gá Ògúnkúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní kó lọ bu òmíràn. Omi tuntun náà mọ́ lóló, kò ní iyọ̀ òkun kankan. Dúrósinmí gbọ́ èsì náà, ló bá bú sórin.

Nírọ̀lẹ́, Àrínọlá délé pẹ̀lú ìbínú tó ti tọ́jú pamọ́.

"Màmá, díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ pa ẹja ẹlẹ́ja!"

"Wọ́n kú ni?"

"Wọn ò kú."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àdúrà mi gbà nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, bí Àrínọlá bá ti bu ti láàbù tán, ó máa ń bu ìgò kan lé e fún Màmá. Bó bá fẹ́ gbàgbé, Dúrósinmí fúnra rẹ̀ ló máa ń pariwo láti etí omi pé kó má gbàgbé ìgò àdúrà.