Ọjọ́ Tí Àwọn Àna Méjì Ro Ẹjọ́ Ara Wọn

Òórùn ìrẹsì Ọ̀fadà tó ń hó lórí iná ló kún gbogbo àgbàlá wa ní Ayétòrò lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ẹ́ mi. Ìjọba ti ti ẹnubodè pa nígbà náà, ìrẹsì òkèèrè ti di ohun àwárí, ìyá mi sì ń ṣàròyé pé ojú máa ti àwọn níwájú àwọn àna. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó ti Ìwòyè-Kétu wá kò ní fojú burúkú wo ìrẹsì ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ìrẹsì ló ń já èmi láyà. Ọmọ ìjọ ni wá láti ayé baba baba mi, bàbá mi sì jẹ́ àgbà ìjọ tó ti fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Mùsùlùmí ni àfẹ́sọ́nà mi. Àáfà ni bàbá rẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Mo bẹ bàbá mi títí kí wọ́n tó gbà, ìgbà tí wọ́n sì gbà, bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì ni.

Àwọn àlejò tètè dé, ṣùgbọ́n a ò lè bẹ̀rẹ̀. Olórí ẹbí wọn, ẹ̀gbọ́n àáfà, ń gbé ní Kétu lódìkejì ibodè, àwọn ṣọ́jà kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Ọ̀nà oko ni bàbá àgbà náà ní láti gbà wá, lórí ọ̀kadà. Ìwọ náà mọ àṣà wa, a kì í tọrọ ìyàwó lẹ́yìn olórí ẹbí, ìyàwó kì í sì í yọjú títí wọn ó fi pè é. Inú yàrá ni mo wà, mo na etí àti ojú sí fèrèsé, gèlè tí wọ́n wé fún mi ń fún mi lórí. Rédíò aládùúgbò kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ìjà Ísírẹ́lì àti àwọn ará Palẹsítínì. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò kẹ́dùn, ó ní amúnisìn paraku ni Ísírẹ́lì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì mọ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín tíṣà tó rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé ni.

Bàbá mi ní bí a bá ń ka àwọn amúnisìn, kí a má dá Lárúbáwá sí. Ta ló pè wọ́n jáde kúrò ní aṣálẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, tí wọ́n fi gẹṣin wọ Íjíbítì, tí wọ́n gba gbogbo àríwá Áfíríkà títí dé Mòrókò? Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ní èdè tiwọn. Lónìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni èdè àtijọ́ Íjíbítì kù sí. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyẹn ní ìjẹgàba, àfi ti àwọn Júù tó padà síbi tí wọ́n sin baba ńlá wọn sí.

Àáfà kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní òótọ́ ni pé Lárúbáwá ṣẹ́gun ìlú onílùú, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò mọ́ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń ká èso ólífì tí baba baba rẹ̀ gbìn, ẹṣin wo lòun gùn? Ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ látijọ́ tó kàn gba èdè àti ẹ̀sìn tuntun. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó sílùú rẹ̀ tó ń ṣèlérí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún àwọn Júù, bí òun àti Faransé ṣe fa ìlà gba àárín oko àwọn baba tiwa.

“Ẹ̀yin náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Tíṣà,” ni àáfà wí. “Ṣé a ó wá lé yín kúrò ní Ayétòrò pé Òyìnbó ni yín?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi bàbá mi. Wọ́n ní ṣé ẹni tó ń fi èdè Lárúbáwá kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló yẹ kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín dá. Mo gbọ́ tí bàbá mi fa àga sẹ́yìn, tí wọ́n ní ó jọ pé olórí ẹbí kò ní lè kọjá mọ́, bóyá kí a sún ọ̀rọ̀ náà síwájú títí ìjọba yóò fi ṣí ibodè. Ta ló mọ ọjọ́ tí ìjọba máa ṣí i? Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún títí àtíkè ojú mi fi ṣàn. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ayétòrò rí ló fẹ́ tú ìgbéyàwó mi ká.

Ibi tí àwọn àlejò ti ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀kadà dé, mo sì padà sí fèrèsé. Eruku pupa bo bàbá àgbà náà láti fìlà dé bàtà. Wọ́n mu omi, wọ́n bi àwọn tó wà nílẹ̀ pé kí ló dé tí ojú gbogbo wọn fà ro, àwọn àlejò sì ro ó fún wọn. Nínú agboolé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú olórí ẹbí. Ẹjọ́ ẹni tó ń bá ọ jà ni wàá rò, ẹni náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá o rò ó pé. Ọkọ mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, pé ibodè ló kọ́ wọn. Bí ìjà oko bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan lè wà lódìkejì tí kò ráàyè kọjá, ẹni tó wà nílé sì gbọ́dọ̀ lè sọ tirẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́.

“Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro ti àáfà,” ni bàbá àgbà wí. Wọ́n kọjú sí àbúrò wọn. “Ìwọ náà, múra sílẹ̀, ti àna rẹ lo máa rò.”

Bàbá mi lè kọ̀, ilé wọn kúkú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń tún àríyànjiyàn àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe láti ìgbà èwe kò lè rí irú èyí kó sá. Wọ́n rò ó wéréwéré bí ẹni ń ka ìwé. Àáfà mirí, wọ́n ní kò tíì dé bẹ̀. Bàbá mi tún un rò, kò tíì dé bẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n kan igi ólífì, ohùn wọn sì yí padà. Wọ́n ní kí èèyàn jí láàárọ̀ kó rí i pé igi òun ti bọ́ sílẹ̀ ẹlòmíràn, láìjẹ́ pé òun kúrò lójú kan, ìyá àwọn mọ ìyẹn, nítorí ọ̀pẹ tí wọ́n jogún nítòsí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ọwọ́ Faransé ló bọ́ sí. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. “Ó pé,” ni àáfà wí.

Ó wá kan àáfà. Wọ́n sọ ti àwọn Bẹ́bà, onílẹ̀ àríwá Áfíríkà látijọ́, tó di àlejò èdè nínú ilé ara wọn. Wọ́n sọ ti àwọn Júù tí wọ́n pa bí ẹran nílùú Òyìnbó, tí wọ́n sì tún lé kúrò láwọn ìlú Lárúbáwá tí wọ́n ti ń gbé láti ayébáyé. “Ẹni tí wọ́n lé títí,” ni wọ́n wí, “tó bá rántí ibi tí baba rẹ̀ ti wá, ẹ má pè é lólè kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.” Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. “Ó pé, àna mi,” ni wọ́n wí. Láti àárọ̀, Àáfà nìkan ni bàbá mi ti ń pè wọ́n.

Bàbá àgbà kò dá ẹjọ́ kankan. Wọ́n ní àwọn kò mọ ilẹ̀ ọ̀hún, ìyàwó làwọn wá tọrọ, kí wọ́n pe ọmọ jáde. Títí di òní, kò sí ẹni tó yí èrò rẹ̀ padà nínú àwọn méjèèjì. Mo ti wá rí ọ̀pọ̀ ilé tí ohùn ti ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo, tí ẹnì kan kò sì lè sọ ohun tó ń dun ẹnì kejì. Mo jáde lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ojú tí ẹkún ti bà jẹ́. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ fún wọn, bàbá mi àti àáfà tún ti ń jiyàn lókè orí mi nípa ọ̀rọ̀ Mòrókò. Mo mọ̀ pé títí ayé ni wọn yóò máa jiyàn bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.