Ẹgbẹ́ Tó Fẹ́ Gba Ìlú Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ń gbé ní ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester, Moss Side ni ilé mi wà. Bí ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wá kí mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹgbẹ́ òṣèlú kan níbẹ̀ tó ní kí àjòjì máa lọ sílé wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ 1980s nìyẹn, a sì fi ṣe ẹ̀rín. Ó ní àwọn bàbá arúgbó bíi mélòó kan ni, wọ́n ń pín ìwé lẹ́nu ọjà, ẹnikẹ́ni kì í gbà á.

"Wọn ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé ni," ló wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n wọ ilé aṣòfin. Nígbà tí wọ́n tún dìbò, àga bọ́ lọ́wọ́ wọn, a ní ó tán. Kò tán.

"Wọn kì í pariwo mọ́," ó sọ fún mi nígbà tó tún wá. "Kóòtù àti táì ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, wọ́n á rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà, ohùn ni wọ́n yí."

Ní àárín 1990s, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ dé. Ó rí àwòrán aládùúgbò rẹ̀ lára ògiri pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ náà. Obìnrin yìí ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ṣé kí èmi náà máa lọ sílé ni?"

Obìnrin náà dì mọ́ ọn. "Rárá, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe irú yín là ń bá wí."

"Ta wá ni?"

Obìnrin náà ní kó wọlé wá mu kọfí. Ẹ̀gbọ́n mi sì mu ún, kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe.

Ẹgbẹ́ náà wọlé, ìlú di tiwọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní fi iṣẹ́ òun sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó dá kó ẹrù wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti bá a wá iṣẹ́ ní airport. Ó ń bá mi lọ sọ́jà ní Bury, kò fẹ́ràn nǹkan kan, kò kórìíra nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, nínú bọ́ọ̀sì ní Princess Road, ó ní:

"Bá mi di ẹrù mi tá a bá délé."

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé mi. Mo ti kọ́ èdè wọn títí ahọ́n mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mi ò lè tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn."

"Àwọn tí ò fẹ́ yín ńkọ́?"

"Wọ́n á máa rí mi níbẹ̀."

Mi ò bá a jiyàn, ó ti rẹ èmi náà. Mo sìn ín dé airport.

Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ yẹn ṣì ń kí ara wọn láràárọ̀. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé kíkí yẹn máa ń rẹ òun ju iṣẹ́ lọ.