Ọ̀pọ̀lọ́ Ìdí Dúrọ́ọ̀mù Mi

Ọjọ́ tí ajá Bọ̀dá Múfú, aládùúgbò wa ní Pópó Àgùdà, gbé ọ̀pọ̀lọ́ ìdí dúrọ́ọ̀mù omi mi sẹ́nu kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ajá náà ti gé ọmọ mi jẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mo ní kí wọ́n so ó, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìyá Ràmọ́tá, eré ló ń bá a ṣe."

Ọ̀pọ̀lọ́ náà wú, oje funfun sun jáde ní èjìká rẹ̀. Ajá tu ú dànù, ẹnu rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ.

Bọ̀dá Múfú sáré dé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi kí n fi fọ ẹnu rẹ̀."

"Eré ló ń bá a ṣe," ni mo fèsì. Mo jókòó lé dúrọ́ọ̀mù omi mi. Ìgbà tí wọ́n so ajá mọ́ ṣéènì ni mo tó dìde kí wọ́n bu omi.

Iyọ̀ la fi ń pa ọ̀pọ̀lọ́ nílé wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá da iyọ̀ sí tèmi yóò rí pípọ́n ojú mi.