Àna Lẹ́yìn Alùpùpù

Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí sétí mi. Ó sọ ọ́ níwájú ẹbí, nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní Ìbà, omi ṣì ń kán tó-tó láti etí ìró rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Èmi tí mo wa alùpùpù náà jókòó níbẹ̀, mo ń gbọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́nu ẹlòmíràn bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń bí ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bí ojú tèmi ṣe rí i. Ẹ fara balẹ̀, nítorí ìtàn tí a bá fi ìkánjú sọ, ìdajì rẹ̀ á bọ́ sọ́nà.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìyàwó mi ti kó jáde nílé mi. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àjàngbádì, òun àti àwọn ọmọ. N kò nà án, obìnrin mìíràn kọ́ ló sì fà á. Alùpùpù ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe. Bí ẹ̀rọ aránṣọ kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè, n ó di àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, n ó sì lọ bá a nílé. Ní ìgbà òjò tó ṣáájú, mo ṣubú nínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ọ̀tọ̀-Àwórì, eegun èjìká mi sì dá. Ìyàwó mi ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń wọ̀ mí láṣọ bí ọmọdé. Nígbà tí ara mi yá tán, ó ní kí n ta nǹkan náà. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni, ta ní í ta ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó ní, "Ẹ mú ọ̀kan, èmi tàbí alùpùpù yẹn." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Olórí ẹbí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wá dá ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé kan. Bàbá yìí máa rìnrìn àjò lọ sí Èkìtì lọ́jọ́ kejì, wọn kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa padà. Ìyàwó mi ti lọ sílé wọn láàárọ̀ láti bá wọn dáná. Ó ku ìyá rẹ̀. Ìyá yìí sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ìpàdé tí òun kò bá jókòó sí, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó lè dá ọmọ òun padà sílé ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ń bá mi lọ? Bí ìyá kò bá dé Ìbà lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó mi ti lọ nìyẹn.

Òjò wá dé. Òjò mìíràn a máa rọ̀ lásán. Ti ọjọ́ yẹn ń lu ènìyàn ni. Ìjì ṣí páànù lórí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé mi, ó ń fà á lọ lójú títì bí ẹni ń fa olè. Fóònù mi dún. Olórí ẹbí ni.

"Níbo lo wà?"

"Mo ń bọ̀, sà."

"Má tíì bọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ ní omi ti gba àdúgbò àwọn, kẹ̀kẹ́ márúwá ò wọlé mọ́. Lọ gbé e wá."

"Pẹ̀lú alùpùpù, sà?"

"Àbí o ti ra ọkọ̀ ojú omi ni?"

Nígbà tí mo dé Àjàngbádì, ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti múra tán, báàgì wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ẹni tí òjò ṣe lóore. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi.

"Ẹ kú ọjọ́ òjò, Mà."

"Ta ló ní kí o wá?"

"Bàbá ni, Mà."

"Orí nǹkan yìí ni mo máa gùn? Nǹkan tó ṣẹ́ ọ léjìká?"

"Òun nìkan ló lè wọ inú omi yìí, Mà."

Ó wo aládùúgbò rẹ̀ tó ń yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ ò rí i? Ọmọ sá fún un, wọ́n wá gbé e wá fún ìyá."

Ó dìde ṣá. Bí kò bá dìde, wọn á ní òun ló ba ìpàdé jẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹ̀bi kankan wà lọ́rùn òun. Ó yí ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá òsì, ó jókòó bí ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ sílé ọkọ, ó fi agboòrùn rẹ̀ há abíyá.

"Mà, ẹ dì mí mú."

"Kí n di kí ni mú?"

"Èmi, Mà. Ìbàdí mi."

"Ìbàdí ọkọ ọmọ mi?" Ó pòṣé. "Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí n rí ìtìjú. Mo ti di irin ẹ̀yìn mú. Máa lọ."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àna ṣe jẹ́. Láti ọjọ́ ìdána, n kò tíì fọwọ́ kan ìyá yìí rí, kódà nígbà tí mo bá ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá dúró kó gbé e kalẹ̀. N kò lè dá a lẹ́bi lórí ìyẹn. Ohun tí mo lè dá a lẹ́bi lé lórí ni ẹnu rẹ̀, tí kò sinmi láti Àjàngbádì.

Òjò ń gbá mi lójú bí òkúta wẹ́wẹ́. N kò rí iwájú, omi pupa bo ọ̀nà láti gọ́tà dé gọ́tà, ike àti bàtà onírọ́bà ń léfòó kọjá lára wa. Bọ́ọ̀sì kan fi omi gọ́tà wẹ̀ wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún fọn fèrè pé kí a kúrò lọ́nà. Ìyá ń sọ̀rọ̀ sí mi lẹ́yìn ọrùn.

"Mo sọ fún un. Mo ní kó fẹ́ ọmọ Oǹdó yẹn, tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Mọ́tò ló ń wa báyìí. Mọ́tò tó lórùlé!"

"Ẹ pè é lórí fóònù, Mà, kó wá gbé yín."

"Ẹnu rẹ gùn ju alùpùpù rẹ lọ."

A gba ẹ̀yìn Òkókómáíkò, nítorí ojú títì ti di. Níbẹ̀ ni omi ti dé sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Ẹni tó bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dẹwọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ké, bí ó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, omi á wọlé, ó parí. Mo ń ké sí i, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bú u. Alùpùpù mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá gbọ́ ọ lára mi pé ìka ìyá ti mú etí ṣẹ́ẹ̀tì mi. Etí ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni, bí ẹni mú ìrù eku. Síbẹ̀ ara mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní a ti ń débẹ̀.

Àwọn ọkùnrin kan wà lábẹ́ àtíbàbà ẹni tó ń lẹ táyà, àwọn tí òjò sé mọ́ tí wọn kò rí nǹkan mìíràn wò. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Màmá! Ẹ rọ̀ mọ́ ọkọ yín dáadáa o!"

Èkejì gbè é. "Ìfẹ́ ò bẹ̀rù òjò! Dádì, ẹ rọra gbé ìyàwó o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òjò gbà á lọ́wọ́ yín!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn. Mo ṣì kórìíra wọn títí dòní.

Ìyá jáwọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì mi bí ẹni pé iná ló dì mú. "Ọkọ ta ni? Àna mi ni! Ọmọ mi ló fẹ́, ẹ̀yin aláìníláárí!" Ó fẹ́ fi ojú pamọ́ fún wọn. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, fáà, mo sì mọ ohun tó jẹ́.

"Mà, ẹ má ṣí i! Ìjì! Ẹ má ṣí agboòrùn!"

Ó ti ṣí i. Ìjì wọ inú rẹ̀, ó gbé e, ó gbé ìyá tó dì í mú, ó sì fa alùpùpù tẹ̀ lé wọn. Táyà iwájú já sí kòtò. Ìyá yọ̀ bọ́ sínú omi ní apá òsì, alùpùpù sì ń wó bọ̀ níbẹ̀ gan-an, lórí itan rẹ̀, pẹ̀lú sàlẹ́ńsà tó ń hó ṣììì. Mo fi èjìká tó ti dá rí gbà á dúró. Ìrora náà mú kí n ké bí ewúrẹ́. Bí mo bá ju irin yẹn sílẹ̀ kí n lè na ọwọ́ sí ìyá, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí.

"Gbà mí o!" Omi dé àyà rẹ̀ níbi tó jókòó sí. "Ẹ wá wò ó! Máṣíìnì ló ń dì mú!"

"Mà, ẹ fa ẹsẹ̀ yín kúrò lábẹ́ rẹ̀!"

"Má fọwọ́ kàn mí!"

"N ò kàn yín, Mà! Ẹ fa ẹsẹ̀!"

Mo ké sí àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà. Wọn kò mira. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ má dá sí i." Obìnrin Ègùn kan tó ń ta ẹja yíyan ló wọ inú omi wá, tó ki ọwọ́ bọ ìyá lábẹ́ apá, tó fà á jáde. Ó bojú wò mí, ó mi orí. Ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ìyá kò gùn ún mọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn níwájú, mo ń ti alùpùpù bọ̀ lẹ́yìn, títí a fi dé Ìyànà Ìbà. Níbẹ̀ ló ti rí márúwá wọ̀. Kò wẹ̀yìn. Mo nu pulọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, mo fẹsẹ̀ ta alùpùpù títí ó fi jí, mo tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó pààrọ̀ aṣọ kí n tó dé, ó kọ̀. Aṣọ tútù yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀. Ó dúró kí n jókòó tán, ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Àárín omi ló gbé mi dé tó dà mí nù. Mo pariwo títí ohùn mi há. Máṣíìnì ló gbá mọ́ra! Ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbá ìyàwó mọ́ra!"

Olórí ẹbí kọjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Wọ́n ṣí agboòrùn, sà."

"Lórí alùpùpù?" Bàbá wúkọ́, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi agboòrùn ṣe? Ṣé ẹ ò dì í mú ni?"

"Ọkọ ọmọ mi? Kí n gbá a mọ́ra ní gbangba Òkókó? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Bàbá wolẹ̀, wọ́n ń tún fìlà wọn ṣe.

Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, tíréè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo èjìká mi, tí mo fi ọwọ́ kejì dì mú.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "mi ò bi yín ní ti agboòrùn. Nígbà tí Màámi wà nínú omi, kí lẹ kọ́kọ́ dì mú?"

Òjò ń lu òrùlé.

"Alùpùpù ni," mo ní, "nítorí pé..."

"Mo ti gbọ́."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Orí ẹsẹ̀ wọn ló—"

"Mo ní mo ti gbọ́." Ó gbé tíréè kalẹ̀. "Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ pààrọ̀ aṣọ." Ó fi ọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ mú níbàdí, wọ́n wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn. Olórí ẹbí ní kí n máa lọ sílé, pé tí òun bá ti Èkìtì dé, a ó parí rẹ̀. Bàbá ti dé tipẹ́. Wọn kò pè mí.

Ìyàwó mi ṣì wà ní Àjàngbádì. Mo ti ránṣẹ́, mo ti lọ fúnra mi, ìyá ló ń yọjú. Mo ti rò ó lórí ibùsùn, mo ti rò ó lójú ọ̀nà. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, irin gbígbóná ń wó bọ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ, ìyá ń ké nínú omi pé kí o gba òun, kí o má sì fọwọ́ kan òun: kí ni ìwọ ì bá kọ́kọ́ dì mú?