Àga Kejì ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ inú ilé yìí, nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní àdúgbò Ìpọ̀nrí, tíṣà kan wà nílé kejì sí wa tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará àdúgbò ní ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n orí ló dà á lórí rú. Bàbá mi ní tirẹ̀ ló máa ń ka Bíbélì fún ìjọ. Síbẹ̀, bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi á gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tíṣà á dé, iyàn á bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni tíṣà máa ń bi í: "Àlùfáà tí kò lẹ́wù, bí Ọlọ́run yín bá lágbára, tó sì fẹ́ràn wa, kí ló dé tí ọmọdé ń kú?" Bàbá mi á dáhùn, tíṣà á ta kò ó, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á mu tíì.

Ìgbà tó yá, ibà pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òbí kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní kí bàbá mi gba kámú, pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè, wọ́n sì gbé òkú lọ. Àwọn obìnrin mú ìyá mi wọ yàrá. Bàbá mi nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà wọlé, ó jókòó sórí àga kejì.

Bàbá mi ní, "Tíṣà, ẹ ò bi mí lónìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi ọmọ yín jiyàn."

"Ẹ bi mí. Gbogbo wọn ló ní kí n má bèèrè."

Tíṣà bi í ní ìbéèrè náà. Bàbá mi ní, "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí Ọlọ́run, ta ni mo wá ń bá bínú láti àná?"

Tíṣà rọra sọ pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá mi ní òun mọ̀. Tíṣà wá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àwọn tó lọ sìnkú fi dé. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú; bàbá mi náà kò yé gbé àga rẹ̀ síta.

Èmi nìkan ni mo wà ní àdúgbò Àgùdà yìí báyìí, àwọn ọmọ tí mo bí wà lókè òkun. Àdúrà àwọn ará ìjọ ń wọlé sórí fóònù mi láràárọ̀, gbogbo wa ń kọ Àmín, kò sẹ́ni tó ń bèèrè nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa sọ ọ́ sí mi létí pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, ló bá yára gòkè lọ, ó rò pé mo fẹ́ gbàdúrà lé òun lórí ni.

Ẹ bá mi sọ fún un pé àga méjì ni mo máa ń gbé síta lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀kan ti ṣófo, ó pẹ́.