Ràímì Télọ̀ àti Jíà Kẹrin

Ní Ìkòtún, tí a bá ti dárúkọ olóògbé Ràímì Télọ̀, ọ̀rọ̀ oníbárò la kọ́kọ́ máa ń sọ. Ọkùnrin kan tó ń ti bárò iṣu ló bá Ràímì lórí ọ̀kadà rẹ̀ lọ́nà Ìgàndó. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn." Ràímì dáhùn, ó béèrè ará ilé, ó béèrè ọjà. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lọ títí ọkùnrin náà fi ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, mò ń kánjú," tó sì ti bárò rẹ̀ kọjá lọ.

Ọ̀kadà náà ò ní àrùn kankan. Ràímì ni kì í kọjá jíà kejì. Kó tó yí jíà, ó gbọ́dọ̀ ka Bísímílà délẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú aáfà. Kó tó kà á tán, kòtò á ti dé, á sì tún padà sí jíà kìíní. Tí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ohun kan bàjẹ́ ṣá. Abdulganiyy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní Àgbàdo láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Àílà làwọn máa sin ín. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ràímì fi dé, àwọn èèyàn ti ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ. Ó dùn ún débi pé odindi oṣù kan ni kò fi bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Àgbàdo yìí náà ni Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé, ara rẹ̀ ò sì yá. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ò ní bá ìyẹn náà láyé.

Ló bá ń lọ kọ́ eré sísá ní Ayọ̀bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti wọlé tí títì sì dá. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀, tí kò wa ọ̀kadà rí, ni olùkọ́ tó ń jókòó sẹ́yìn.

"Bàbá Fàthíà, ẹ ṣe Bísímílà kan fún gbogbo ìrìn náà. Ọlọ́run ti gbọ́."

"Táyà iwájú ń gbọ̀n."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ̀n. Kí lẹ̀ ń wo táyà sí? Tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ máa ń wò?"

Ràímì ronú. "Rárá. Ibi tí aṣọ ń lọ ni."

"Ẹ wo ibi tá à ń lọ nígbà náà, jàre."

Ó gbójú sókè, ó wọ jíà kẹta, ọ̀kadà ò gbọ̀n mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹfà ó wọ ìkẹrin. Mọ̀dínátù ní kó rọra, Ràímì ní atẹ́gùn ò jẹ́ kóun gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè é láti Àgbàdo pé tó bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyé, kó máa bọ̀. Bísímílà kan ló ṣe tó fi dé ọ̀hún. Sìdíkátù lajú, ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ràímì, ṣé àná lo ti gbéra ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ràímì di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú títí ìyẹn fi dákẹ́ kí Àlàsárì tó pé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi bu erùpẹ̀ sí sàréè. Ẹnikẹ́ni tó bá kí i, "Mo bá a láyé" ló ń fi dáhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru mú òun náà lọ, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àìsàn ọjọ́ méjì péré. Ó dùn wá gan-an. Nígbà tá a lọ kí Mọ̀dínátù, ilẹ̀ ló ń wò.

"Èmi ni mo kọ́ wọn ní eré sísá," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa sá a fi mí sílẹ̀."

A fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé rín. Fàthíà ọmọ rẹ̀ fà á mọ́ra, àwa tó kù sì jókòó tì wọ́n.